Black Five OO àti àpò ẹ̀yà kéékèèké inú páálí rẹ̀: àyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ ẹ́ńjìnnì 44871 gan-an

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì ẹ́ńjìnnì rélùwéè yìí dára, ó sì tó owó tí wọ́n ń pè é. Àpò ọ̀rá kékeré tó wà nísàlẹ̀ páálí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun tó sì yẹ kí ẹni tó rà á mọ̀ kó tó ṣí àpò náà ni pé kì í ṣe gbogbo ohun inú rẹ̀ ló yẹ kó dé ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé ó ti sanwó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò sí láyé rí ló ṣe yẹn.

Black Five ní ìwọ̀n OO là ń yẹ̀ wò, irú èyí tí wọ́n ti ṣe parí nílé iṣẹ́, téèyàn kàn máa gbé sórí réèlì kó máa lọ. Ẹ́ńjìnnì eléèédú tí William Stanier ṣètò fún rélùwéè LMS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Láàárín 1934 sí 1951, 842 ni wọ́n kọ́: wíìlì mẹ́rin kéékèèké níwájú, mẹ́fà ńlá tẹ̀ lé wọn, wíìlì ńlá kọ̀ọ̀kan sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde láti Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows, ilé iṣẹ́ kan náà tó wà lára àwọn tó kọ́ ẹ́ńjìnnì River fún rélùwéè Nàìjíríà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa, bí kò tilẹ̀ sí réèlì kankan ní Àkúrẹ́ tiwa níbí, tó jẹ́ pé Òṣogbo lèèyàn á dé kó tó rí ojú irin àtijọ́ tó lọ sí Kánò.

Ìtumọ̀ OO ni pé mìlímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, mìlímítà 1 sì dúró fún íǹṣì 3. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun la máa fi wọn gbogbo nǹkan tó ń bọ̀. Wíìlì ńlá yẹn di 24 mm, ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú tẹ́ńdà (ọkọ̀ èédú àti omi tó ń tẹ̀ lé e) sì gùn tó nǹkan bíi 255 mm. Ibi tí ìwọ̀n náà ti yẹ̀ ni fífẹ̀ réèlì: 16.5 mm ni OO ń lò, bẹ́ẹ̀ réèlì gidi tó fẹ̀ ní 1435 mm, irú èyí tó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn báyìí, ì bá jẹ́ 18.83 mm. Kò sí àpò ẹ̀yà tó lè tún ìyẹn ṣe, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó sáré ná. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síwájú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ní ìdajì eré, lórí iná 12 V tó dúró sójú kan. Bátìrì 12 V tó kún dáadáa pẹ̀lú kọ̀ntírólà tó ń dín iná kù á ṣe é, iná ọba ìbáà wà, kó má wà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá ní àbùkù, ẹ lè dá a padà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Bí ẹ bá ti fi gúlúù kan án, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá ń dún “kẹ́-kẹ́-kẹ́” ní ìyípo wíìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ọ̀pá tó so àwọn wíìlì pọ̀ bóyá ó tẹ̀ nínú ìrìn àjò láti òkè òkun.

Ó wá kan fọ́tò. Fọ́tò Black Five lásán kò tó. Fọ́tò ẹ́ńjìnnì kan pàtó ní àsìkò kan pàtó ni ẹ nílò, ó kéré tán mẹ́ta: iwájú, ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wọ ilé ìtúnṣe nígbà yẹn, bọ́ílà (àgbá tó ń se omi) ẹlòmíì ni wọ́n sábà máa ń gbé fún un jáde, tẹ́ńdà náà sì lè yí padà. Torí náà nọ́ńbà nìkan ò sọ bí ó ṣe rí, ọdún ló ń sọ ọ́. Nínú tẹ́ńdà Stanier tó ń gba gálọ́ọ̀nù omi 4000 àti èédú tọ́ọ̀nù 9, àwọn kan ní ìlà orí ríbẹ́ẹ̀tì lára, àwọn kan jẹ́ àjópọ̀ wẹ́dà tí ara wọn ń dán gbọnrangandan. Ẹ ka ríbẹ́ẹ̀tì nínú fọ́tò kí ẹ tó ra módẹ́ẹ̀lì, ẹ má ṣe rà á tán kí ẹ tó wá máa wò ó.

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré mú ni 45110, nítorí pé òun ló fa ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1T57 kúrò ní Liverpool lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1968. Ọkọ̀ èrò eléèédú àṣekágbá tí British Rail ṣètò lórí ojú irin 1435 mm nìyẹn, gínì 15 ni owó ìwọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má mú 45110 fún módẹ́ẹ̀lì yìí. Ó wà lára 225 àkọ́kọ́ tí àpótí iná wọn kúrú. Láti orí 5225 (tó di 45225 lẹ́yìn náà) ni wọ́n ti sọ àpótí iná di gígùn, tí ìlà tí àpótí iná àti bọ́ílà ti pàdé fi sún síwájú. Èyí tó ní àpótí iná gígùn, tó sì ní dóòmù (ìdérí roboto) lórí bọ́ílà, ló wà lọ́wọ́ wa yìí. Ẹ lè kọ 45110 sí i lára kó hàn kedere, ẹni tó bá mọ Black Five á ti ibi àpótí iná mọ̀ pé irọ́ ni.

44871 ni ká mú. Crewe ló ti jáde ní 1945, lẹ́yìn 5225 bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ kéré; 4871 ló ń jẹ́ nígbà yẹn kí wọ́n tó fi 40000 kún nọ́ńbà gbogbo wọn lábẹ́ British Railways. Òun àti 44781 ni wọ́n jọ fa ọkọ̀ 1T57 yẹn kan náà láti Carlisle padà sí Manchester. Ìtàn ọjọ́ kan náà ló wà lára rẹ̀, módẹ́ẹ̀lì náà sì bá a mu láìsí pé a gé bọ́ílà. Wọn ò gé 44871 tà fún aláàlòkù irin, ó ṣì wà títí dòní, fọ́tò rẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn. Àmọ́ fọ́tò òní kọ́ la fi ń ṣe 1968 o. Ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìpamọ́ pọ̀.

Nínú irú àpò yìí, ohun tẹ́ ẹ máa bá ni páìpù búréèkì méjì, páìpù méjì tó ń gbé oru omi lọ mú kọ́ọ̀ṣì gbóná, ìkọ́ onískúrù tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ pọ̀, àtẹ̀gùn iwájú, ọ̀pá búréèkì abẹ́ wíìlì, àti páìpù tín-ín-rín tó ń da omi kúrò nínú sìlíńdà. Àwọn páìpù búréèkì ló dára jù nínú àpò náà. Wọ́n tín-ín-rín bó ṣe yẹ, ìtẹ̀kòrókòrò rọ́bà wọn hàn, wọ́n sì ń wọ ihò wọn láìjà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé péńtì ilé iṣẹ́ máa ń dí ihò. Ẹ má fi agbára ti páìpù wọlé, ọrùn rẹ̀ ló máa ṣẹ́, ẹsẹ̀ á kù sínú ihò. Ẹ fi bíìtì 0.5 mm tí ẹ di mọ́ dírílì ọwọ́ kékeré yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, péńtì á jáde bí ìyẹ̀fun. Ẹ dá páìpù wò nínú ihò láìsí gúlúù. Bó bá ti dúró, ẹ yọ ọ́, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ kan súpà gúlúù, ẹ fi kan ẹsẹ̀ páìpù nìkan, kí ẹ sì fi ẹ̀mú kékeré gbé e padà. Gúlúù tó bá pọ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ojú bọ́fà (irin tó ń gba ìkọlù níwájú) ló máa ṣàn lọ, funfun tó sì máa fi síbẹ̀ kì í lọ.

Ìkọ́ onískúrù inú àpò kò wú wa lórí. Pílásítíìkì ni, ó nípọn, kò sì lè fà. Ti idẹ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tí òrùka àti skúrù rẹ̀ ń mì lóòótọ́, ló yẹ iwájú ẹ́ńjìnnì yìí. Ṣùgbọ́n kó tó lè jókòó, ìkọ́ ńlá OO tó yọ jáde lábẹ́ bọ́fà gbọ́dọ̀ kúrò. Fífà lẹ ó fà á jáde nínú àpò rẹ̀, kò gba bíléèdì. Tí ẹ́ńjìnnì yín kì í bá fi iwájú fa ohunkóhun, ẹ yọ ọ́ láìronú, iwájú á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àyípadà tí ojú kọ́kọ́ ń rí nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ wá sún mọ́ ilẹ̀kùn ilé èéfín tó wà níwájú bọ́ílà, nítorí ibẹ̀ ni ọdún 1968 ti ń hàn jù lọ. Ohun mẹ́ta la máa wò. Èkíní ni irin ìfàtùpàkọ́ ti òkè. Nígbà tí wáyà iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ojú irin, wọ́n gbé irin yìí kúrò lórí ilé èéfín wá sísàlẹ̀ sára ilẹ̀kùn lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹkùn London Midland, kí òṣìṣẹ́ má baà gun òkè lábẹ́ wáyà. Bí fọ́tò yín bá fi hàn pé ó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi bíléèdì tuntun gé ti módẹ́ẹ̀lì, ẹ fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, ẹ fi sáńpépà 1000 tó lómi ra á kó jọ̀lọ̀. Ẹ lu ihò kékeré sójú ilẹ̀kùn níbi tí fọ́tò fi hàn. Pín sítépúlà lásán, irú èyí tó wà ní gbogbo ọ́fíìsì, ló dára jù fún irin tuntun náà. Ó pẹlẹbẹ, ó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà L, kí apá tó yọ sókè má ju 1.5 mm lọ.

Èkejì ni àwo. Àwo nọ́ńbà iwájú àti àwo ibùdó (tó ń sọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì sí) tí wọ́n fi ásíìdì gbẹ́ sára idẹ ń wá lọ́tọ̀, kì í sí nínú àpò. Iṣẹ́ wọn rẹwà: àwo nọ́ńbà kò tó sẹ̀ńtímítà kan, àwo ibùdó tó rí bí ẹyin kéré ju hóró ìrẹsì lọ, síbẹ̀ gbogbo lẹ́tà yọ. Ṣùgbọ́n ọdún ló ń darí àwo. Ibùdó ẹ́ńjìnnì Carnforth, fún àpẹẹrẹ, ń jẹ́ 11A títí di 1958, ó di 24L, ó sì di 10A láti 1963 títí tí wọ́n fi pa iná eléèédú níbẹ̀. Àwo 24L lára ẹ́ńjìnnì 1968, àṣìṣe gbáà ni. Ohun mìíràn tún wà: ní ọdún 1967 àti 1968, àwọn tó ń kó nǹkan rélùwéè jọ ti tú àwo lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, péńtì funfun ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sójú ilẹ̀kùn. Bí fọ́tò yín bá fi ọwọ́-kíkọ hàn, ẹ má ra àwo. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, 1T57, tí wọ́n gbé sójú ilé èéfín lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú àtùpà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè bọ́fà kọ̀ọ̀kan. Àmì ọkọ̀ èrò tó ń yára nìyẹn. Ẹni tó bá gbé àtùpà kan ṣoṣo sí òkè ilé èéfín ti sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò tó ń dúró ní gbogbo ibùdó.

Ibi tí àpò náà ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni páìpù tó ń da omi kúrò nínú sìlíńdà. Lójú fọ́tò, wọ́n rẹwà gan-an: mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ti abẹ́ sìlíńdà lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wíìlì kéékèèké iwájú ni wọ́n gbà kọjá. Lórí réèlì tó yí ní rédíọ̀sì 438 mm, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní nílé, wíìlì á yà débi páìpù, á gbé ara rẹ̀ sókè, á sì jáde lórí irin. Àwọn tó ń tà á kì í fi èyí síwájú, ìlà kékeré kan nínú ìwé ìtọ́ni ni wọ́n ń fi í sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti inú gíláàsì, ẹ lẹ ẹ́ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ti sísáré, ẹ ní ọ̀nà méjì: kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá, tàbí kí ẹ gé e kù sí ibi tí ó ti kọjá etí sìlíńdà díẹ̀, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ síta ní 1 mm. Ọ̀nà kejì la fẹ́ràn. Láti ẹ̀gbẹ́, ojú á rí i, wíìlì ò sì ní kàn án. Àtẹ̀gùn iwájú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò le tó èyí. Kí ẹ tó jẹ́ kí gúlúù gbẹ pátápátá, ẹ fi ọwọ́ ti ẹ́ńjìnnì gba inú ìyípo tó há jù tí ẹ ní, lọ́tùn-ún àti lósì.

Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ kábù (yàrá awakọ̀) ni iṣẹ́ tó ń gba sùúrù jù. Ẹ má fi tínà kàn án o. Tínà tí àwọn apéńtì mọ́tò ń lò máa yọ́ pílásítíìkì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Spírítì tí àwọn kẹ́mísì ń tà ló tó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní abẹ́ tẹ́ńdà níbi tí ojú kò dé. Ẹ fi kọ́tìn bọ́ọ̀dì (igi kékeré tó ní òwú lórí) tó rin díẹ̀, tí kò kán tótó, ra orí nọ́ńbà náà sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bó bá ti ń rọ̀, ẹ fi orí igi ìtayín tí ẹ ti fi sáńpépà sọ di kújú gé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìlà pupa àti eérú tó yí kábù ká kò gbọ́dọ̀ rin, torí náà ẹ fi téèpù bébà bò ó. Ẹ pa gbogbo nọ́ńbà márààrún rẹ́, kódà bí 44 tó wà níwájú bá ti bá yín mu. Funfun ilé iṣẹ́ àti funfun sítíkà tuntun kì í jọ ara wọn, ààyè tó wà láàárín nọ́ńbà náà kì í dọ́gba.

Sítíkà olómi kì í jókòó dáadáa lórí ojú tí kò dán. Afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa tàn bí fàdákà. Fáníìṣì tó ń dán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kan ibẹ̀, kó gbẹ fún wákàtí 24. Ibí ni Àkúrẹ́ ti ń ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń sọ fáníìṣì alátẹ̀fẹ́ di funfun bí ìkúùkù. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ló ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀sán tí oòrùn ti là, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, lẹ́yìn tí ẹ ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku jókòó, ni àsìkò tó dára jù. Kété tí ẹ bá ti kùn ún, ẹ da abọ́ dé e.

Nọ́ńbà tó ga ní íǹṣì 8 lára ẹ́ńjìnnì gidi á jẹ́ 2.7 mm, tó bá jẹ́ íǹṣì 10, 3.3 mm. Ẹ fi ìwọ̀n ilẹ̀kùn kábù nínú fọ́tò mọ èyí tó jẹ́. Ẹ gé sítíkà náà sún mọ́ etí nọ́ńbà, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ jẹ́ kó yọ̀ láti orí bébà rẹ̀ bọ́ sí orí fáníìṣì. Téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fà gbọọrọ sábẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ilẹ̀ tí nọ́ńbà dúró lé. Èyí tó bá ga ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ ní ìdajì mìlímítà, ojú á rí i láti ẹnu ọ̀nà. 5MT kékeré, àmì agbára ẹ́ńjìnnì, wà lókè nọ́ńbà. Lára tẹ́ńdà, àmì kìnnìún tó jáde ní 1956 ló yẹ 1968, kì í ṣe kìnnìún orí wíìlì ti àtijọ́, ojú kìnnìún náà sì gbọ́dọ̀ kọ sí òsì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ kó máa wo iwájú ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń ṣọ́ òfin àmì oyè sì ní kò bófin mu. Páálí sítíkà míì ṣì ń kó méjèèjì pọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má gbàgbé àwo kékeré tó ní mànàmáná pupa lára, tó ń kìlọ̀ wáyà iná, níbi gbogbo tí òṣìṣẹ́ lè gùn.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nínú àyẹ̀wò yìí ni bí ohun èlò tó wúlò ṣe pọ̀ tó nílùú láìní dúró de páálí láti òkè òkun. Irin ìdìmú tó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà yẹ kó jẹ́ wáyà idẹ 0.45 mm. Ti pílásítíìkì tó wà lára módẹ́ẹ̀lì máa ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní agbègbè Ọjà Ọba ní àwo irin oníhò tí wọ́n fi ń fa wáyà dín kù. Ẹ sọ 0.45 fún wọn, wọn á fà á fún yín kó gún rékété. Gígùn ọwọ́ kan ti tó fún ẹ́ńjìnnì méjì. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Arákalẹ̀ àti òpópónà Ọba Adéṣidà ní ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó, àtùpà onígíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, àti wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so bọ́ọ̀dù, èyí tó bá páìpù òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà mu rẹ́gí. Wọ́n tún ní gúlúù tí iná aláwọ̀ àlùkò ń mú gbẹ, tí wọ́n fi ń lẹ ojú fóònù. Òun ni kí ẹ fi lẹ gíláàsì fèrèsé kábù. Súpà gúlúù máa ń tú èéfín, èéfín náà sì máa ń sọ gíláàsì di funfun láé.

Ohun tí a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ ni kí ẹ gbé àwo nọ́ńbà lọ fún àwọn tó ń fi laser kọ orúkọ sára kọ́ọ̀bù àti bíírò ní itòsí FUTA. Iṣẹ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n kíkọ ni laser wọn ń kọ wọlé, nọ́ńbà tó yọ síta ni ẹ́ńjìnnì nílò. Lára ohun tó kéré tó yìí, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Àwo idẹ tí wọ́n fi ásíìdì gbẹ́ láti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló tọ́ kí ẹ náwó sí. Gúlúù funfun Top Bond kínńkínní ni kí ẹ fi lẹ ẹ́ dípò súpà gúlúù, torí ẹ ṣì lè rí fọ́tò míì lọ́la tó máa ní kí ẹ yọ ọ́.

Èédú pílásítíìkì inú tẹ́ńdà ò dára, ẹ yọ ọ́ tó bá ṣeé yọ. Èédú igi tí wọ́n ń tà ní ọjà kì í dán bí èédú inú ilẹ̀, ó sì ń di lẹ́búlẹ́bú, síbẹ̀ ó ṣeé lò. Ẹ fọ́ ọ, ẹ fi asẹ́ yọ lẹ́búlẹ́bú kúrò, ẹ ṣa èyí tó wà láàárín 1 sí 3 mm, ìyẹn íǹṣì 3 sí 9 ní gidi. Ẹ gé fóòmù kó kún inú tẹ́ńdà títí yóò fi ku 3 mm sí etí, ẹ da èédú lé e, kó ga láàárín, kó sì fà sílẹ̀ síhà kábù níbi tí ṣọ́bìlì ti ń bù ú. Top Bond ìwọ̀n kan, omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ̀kán omi ọṣẹ kan kó lè wọlé. Ẹ fi sìríńjì kán an sí i. Ó máa funfun, ẹ má ṣàníyàn, bó bá gbẹ tán á mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi fáníìṣì tó ń dán kan àwọn orí tó yọ níkan níkan, kó lè kọ mànà bí èédú inú ilẹ̀. Àwọn kan ti dábàá ọ̀dà Àgbabù fún dídán. Kò dára, ooru ọ̀sán nìkan á mú un rọ̀, á sì ba péńtì jẹ́.

Awakọ̀ kì í bá a wá. Òsì ni awakọ̀ Black Five ń jókòó sí, ẹni tó ń da èédú wà ní ọ̀tún. Bí ọ̀pá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ tẹ́ńdà bá ní ihò méjì, ẹ lo èyí tó sún mọ́ra jù, bí ìyípo réèlì yín bá gbà á. Àlàfo ńlá láàárín méjèèjì ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ìdọ̀tí náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ yẹn, wọ́n ti nu àwọn ẹ́ńjìnnì náà títí wọ́n fi ń dán. Ẹni tó bá fi ìpẹtà àti eérú bo 44871 tó gbé 1T57 lójú ti da ọjọ́ pọ̀ mọ́ ọjọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ míì ní ọdún yẹn lẹ fẹ́, kò sí ohun tó jọ mímọ́ lára wọn, ẹ lè da ọwọ́ sílẹ̀: eérú ààrò tí ẹ sẹ́ kúnná yíká ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ilé èéfín, dúdú tí ẹ fi eérú pò díẹ̀ lára bọ́ílà nítorí pé dúdú kíkí kì í jọ dúdú ní ìwọ̀n yìí, àti òróró tó ń dán lára ọ̀pá wíìlì nìkan. Yẹ̀pẹ̀ pupa wa ò bá a mu. Ó pupa jù fún ìpẹtà rélùwéè Gẹ̀ẹ́sì, àfi tí ẹ bá fi èédú lílọ̀ pò ó.

Lọ́rọ̀ owó, ẹ́ńjìnnì ló gba púpọ̀ jù, owó rẹ̀ sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pọ́n-ùn. Ẹ̀yà inú àpò kò gba owó kún un. Àwo idẹ, sítíkà, ìkọ́ onískúrù àti àtùpà ló máa wá láti òkè òkun, ẹ kó wọn pọ̀ sínú páálí kan nítorí owó ìfiránṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè ra èyí láìbẹ̀rù, tó bá ti lè fi páìpù búréèkì, èédú àti yíyọ ìkọ́ iwájú bẹ̀rẹ̀, kó wá fi nọ́ńbà sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà á gbádùn rẹ̀ gan-an, nítorí pé ìrísí bọ́ílà àti kábù rẹ̀ tọ̀nà, ìyẹn sì ni ohun tí gúlúù àti péńtì ò lè tún ṣe.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kò ní wọ páálí rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gé fóòmù níwájú bọ́fà wọlé ní 5 mm, ẹ gé ihò sí ibi tí irin àtùpà àti páìpù ti yọ, kí ẹ sì máa fi ìka mú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ àpótí iná àti ní ẹsẹ̀ ilé èéfín nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde, ẹ má mú un ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí irin ìdìmú wà.